Ẹyẹ Baba Àgbà àti Owó Àlejò

Yúrò mẹ́rìnlá! Ìyá Àgbà, ẹ má tíì ní kí n jókòó, n kò lè jókòó, yúrò mẹ́rìnlá ni Gisela gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà pápá ọdún ẹyẹ lọ́jọ́ Ajé, Gisela tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ikun imú mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, "Jost, ọmọ abúlé ń san mẹ́ta, àlejò ń san mẹ́rìnlá," ó sì na ọwọ́. Àlejò! Èmi! Ní Wennhagen níbí! Pápá tí mo ti kọ́ ìrìn, tí mo ti já sínú garawa bíà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tí ẹ̀yin fúnra yín fà mí lẹ́sẹ̀ jáde!

Ó dáa, mo ti jókòó. Rárá, n kò fẹ́ kọfí. Ó dáa, ẹ bù ú wá.

Kí ló ṣe ilẹ̀kùn yín? Mo tì í wọlé báyìí, kò dún. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí ti ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, òní ni mo kọ́kọ́ rí i tó panu mọ́. Ẹ ta òróró sí i ni? Ẹn-ẹ́n. Ẹ máa bó ọ̀dùnkún yín lọ, ẹ sáà fetí sí mi. Mo mọ̀ pé àná lẹ dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò yín ní Paderborn, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi lọ, ẹ ò fẹ́ fojú rí ọdún ẹyẹ tí Baba Àgbà kò sí níbẹ̀, n kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta rèé tí n kò sùn. Nǹkan kan wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká yìí tí mo fẹ́ kí ẹ wò. N kò ní í mú un jáde báyìí. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ mi.

Mo ní, "Àǹtí Gisela, ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?" Ó ní, "Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa, ìwé ni kò mọ̀ ẹ́." Ó wáá ṣí ìwé ẹgbẹ́ ayìnbọn, ó fi ìka lé ibi tí orúkọ mi wà, wọ́n fi yíǹkì pupa fa ilà kan lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilà náà gún régé bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ni mo bá sanwó. Ó so okùn aláwọ̀ ọsàn mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, èyí tí wọ́n ń so fún àwọn tó ti ìlú ńlá wá ya fọ́tò, ó sì fún un pọ̀ bí ẹni pé mo fẹ́ sá lọ. Mo rìn wọlé, ta ni mo kọ́kọ́ pàdé? Tillmann! Tillmann tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tó máa ń ji búrẹ́dì mi jẹ! Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó fi ìyẹ́ sí fìlà, ó rí okùn ọ̀hún, ó tẹrí ba dé ilẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sí Wennhagen, ọ̀gbẹ́ni! Ṣé ìrìn àjò kò ni yín lára? Ẹ má gbàgbé láti tọ́ sọ́sééjì wa wò o!"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbẹ́ ihò sí ikùn ẹyẹ tí Baba Àgbà fi igi ṣe fún ọdún yẹn, èmi ni mo ki àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀ ọ́, èmi ni mo sì rọ omi gbòǹgbò bíìtì pupa látinú ìkòkò yín sínú rẹ̀ títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú. Mo fi ìda dí ihò náà, n kò sọ fún ẹnì kan. Ọ̀gá Burkhard, olórí ẹgbẹ́, ló máa ń yin ìbọn àkọ́kọ́ sí i lórí òpó, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó máa yìn ín títí á fi já bọ́. Ó yìn ín, pàù! Ẹ̀jẹ̀ dà! Ẹyẹ onígi ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí òpó, ó ń kán tó, tó, tó, atẹ́gùn gbé e, ó dà sí ṣòkòtò funfun Burkhard láti ìbàdí dé orúnkún! Àwọn obìnrin figbe ta, fáàdà sáré wá tòun ti omi mímọ́, fèrè há mọ́ ọkùnrin onífèrè ńlá lẹ́nu! Mo yí nínú koríko, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ má sẹ́, mo rí yín, ẹ fi ìborùn bo ẹnu.

Ẹ̀rín náà gbẹ. Ẹ mọ ìgbà tó gbẹ? Ìgbà tí wọ́n pe Baba Àgbà jáde. Ọkùnrin tó gbẹ́ ẹyẹ fún wọn fún ọdún mọ́kànlélógójì, ó ṣí fìlà, ó mú un dání níwájú ikùn rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n nítorí mi, orí rẹ̀ pípá ń dán nínú oòrùn. Mo rí fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní mo ṣì ń rí i. Wọ́n fa ilà lé orúkọ mi, mo di ẹrù mi, mo lọ sí Dortmund lọ máa pààrọ̀ táyà, n kò sì dágbére fún un nítorí n kò mọ bí mo ṣe máa wo ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo ń sọ ni pé n kò wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi Màríà Mímọ́ búra! Ẹyẹ ìkẹyìn tí Baba Àgbà gbẹ́ kó tó kú ni wọ́n gbé sórí òpó, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé mo gbọ́dọ̀ yin ọta kan sí i, ọta kan péré, kí n lè sọ pé mo wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Ṣùgbọ́n àlejò kì í yin ẹyẹ ńlá! Ẹyẹ ńlá, ti ọmọ ẹgbẹ́ ni, ẹni tó bá já ìyókù rẹ̀ bọ́ ló ń jẹ ọba ọdún náà. Àlejò ní ẹyẹ kékeré tirẹ̀ lórí òpó kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtura, ẹyẹ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ bí súìtì, wọ́n sì ń pè é ní Ìrírí Ọba Oníṣẹ́jú Kan. Yúrò márùndínlógójì! Kí ló wà nínú ìrírí náà? Ọta kan. Bíà kan nínú gíláàsì tí wọ́n ya ẹyẹ sí. Sọ́sééjì kan tó tutù bí imú ajá. Àti adé. Adé bébà, Ìyá Àgbà! Mo dé e. Tọkọtaya kan láti Hamburg wà níwájú mi, wọ́n dé tiwọn, inú wọn ń dùn, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò, ìyàwó ń bi mí pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ náà ti ibo wá?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Ibi tó jìnnà, mà, ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì yẹn." Kò yé e. Ta ni wáá ń di ìgúnpá àwọn àlejò mú kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe? Tillmann náà ni. Ó di ìgúnpá mi mú, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀gbẹ́ni, kì í bu èèyàn jẹ." Mo yìn ín, mo bá ẹyẹ súìtì náà ní ìrù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Ẹ gbọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló kù yìí.

Ẹyẹ ńlá kò já bọ́.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, igi rírọ̀ fúláfúlá ni Baba Àgbà máa ń lò, igba ọta, bí ó pọ̀ tán kí ó lé díẹ̀, ẹyẹ á ti fọ́ yángá, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti gbé ọba tuntun lé èjìká. Lọ́jọ́ Ajé, adé onígi tí ẹyẹ dé lọ, ọ̀pá àṣẹ tó dì mú lọ, orí lọ, apá méjèèjì lọ, gbogbo rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wáá ku àyà. Àyà nìkan, tó tóbi bí ìwé Bíbélì orí pẹpẹ. Ọ̀ọ́dúnrún ọta, àyà dúró. Irinwó, àyà dúró. Ọta á bà á, kò ní í fọ́, á kàn dún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dún! Kì í ṣe pàù, kì í ṣe fàà, ó ń ké, kẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀, ohùn tínrín kan tó gùn, bí ẹni tó wà nínú ilé tó ń ṣí nǹkan díẹ̀díẹ̀ kí ó lè yọjú wo ìta. Mo mọ ohùn yẹn, Ìyá Àgbà. Bí Ọlọ́run ti wà, mo ní mo mọ ohùn yẹn níbì kan, n kò sì rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Kò pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ Baba Àgbà lábẹ́lẹ̀. "Alfons ni." "Alfons ló dì í mú." Gisela ya àmì àgbélébùú lẹ́nu ibi owó rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ti ń yìnbọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bí ó bá kàn wọ́n, wọ́n á ṣí fìlà, Burkhard náà ṣí tirẹ̀, kí wọ́n tó fojú sí ìbọn, bí ẹni pé ìdí sàréè ni wọ́n wà. Àwọn onífèrè ti fọn orin ọba lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí wọ́n rò pé ó ti já bọ́, wọ́n gbé fèrè sílẹ̀ níkẹyìn, wọ́n jókòó. Kìkì ìbọn, àti kẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ìbọn, kẹ̀ẹ̀ẹ̀. Wọ́n rán mọ́tò lọ sí abúlé kejì lọ yá ọta sí i. Sọ́sééjì tán. Ọmọdé ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé.

Àwọn àlejò wáá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo owó wọn. Wọ́n ní wọ́n sanwó láti rí ọba tí wọ́n gbé lé èjìká, ọba dà? Ẹ sì mọ Burkhard, bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan máa sanwó láti yá iná. Ó gun orí àga, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnu rẹ̀ ń dùn bí oyin: "Ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n, a ti pinnu láti fún yín ní ìrírí tí kò ní í wáyé mọ́ láé! Àlejò tó bá fẹ́ lè yin ọta kan sí ẹyẹ ńlá, yúrò mẹ́wàá péré!" Ó dá a lójú pé kò sí àlejò tó lè rí i já. Ọmọ ẹgbẹ́ yìn ín, kò já, ṣé ọkọ obìnrin Hamburg ló máa já a?

Mo tò sórí ìlà. Tillmann ní, "Ìwọ náà kẹ̀?" Mo na okùn ọwọ́ mi sí i nímú. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àlejò ni mí, àbí ojú ń dùn yín?"

Ó kàn mí. Ìbọn wà lórí ìdúró irin rẹ̀, mo tẹ̀ mọ́ ọn, mo di ojú kan. Mo ń wo àyà ẹyẹ náà. Kò ní orí, Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ èémí ara mi, mo sì ń gbọ́ èémí kejì, èyí tó máa ń họ díẹ̀ ní òpin, bí ti ẹni tó ti fa eruku igi símú fún ogójì ọdún. Mo ní, "Baba Àgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó tán." Mo yìn ín.

Kò fọ́. Ó tú kúrò lórí irin rẹ̀ lódidi, ó ké lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀ẹ̀ẹ̀, ó yí lójú ọ̀run, ó já bọ́ sínú koríko, gbì! Ọta ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Mo ti rí ogún ọba tó jẹ ní abúlé yìí, bí ẹyẹ bá já bọ́ ariwo á sọ, bíà á máa fò, wọ́n á gbé ọ tó ò ní í mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà. Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? N kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn onífèrè gbé fèrè sẹ́nu, wọn ò fọn ọ́n. Gbogbo abúlé ń wò mí, èmi tí mo dé adé bébà.

Burkhard sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó ní, "Ọta àlejò kì í jọba. Ìrírí lo rà, o ti rí i, máa lọ sílé." Mo ní ilé wo? Kó tó dáhùn, Tillmann ti gbé àyà ẹyẹ náà, ó ń yí i ká, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Igi fúláfúlá ló wà lóde ara rẹ̀, igi óákù ló wà nínú! Óákù líle gbagidi!" Gbogbo wọn bá kọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà bí àgùntàn tó gbọ́ ajá. "Jost ti tún ṣe é!" Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora, mo mọ̀, mo mọ̀! Ṣùgbọ́n n kò ṣe é! Nígbà tí mo ṣe ti bíìtì, ṣé mo sẹ́? Mo ní èmi ni! Èyí tí n kò ṣe ni wọ́n wáá fẹ́ fi pa mí! Wọ́n ní mo tún ba ọdún jẹ́, wọ́n ní kí n wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní aago mẹ́rin òní, kí n fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo ki óákù sínú ẹyẹ, n kò sì gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ abúlé yìí mọ́ láyé, bí n kò bá fọwọ́ sí i wọ́n á pe ọlọ́pàá. Ṣé ẹ rí ìwà ìkà? Èmi tí mo wà ní Dortmund látọdúnmọ́dún! Ẹyẹ tí Baba Àgbà gbé fún wọn kí Kérésìmesì tó dé, tí Burkhard fúnra rẹ̀ tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì! Ṣé inú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo gbà wọlé? Ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ tó gbé e lọ. Ẹ̀yin nìkan. Ìdí tí mo fi wá rèé, kí ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ bá mi lọ sọ fún wọn ní aago mẹ́rin.

Rárá. N kò ní í purọ́ fún yín. Ìyẹn kọ́ ni ìdí tí mo fi wá.

Mo mú un jáde báyìí. Ẹ ti ọ̀dùnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n ń pariwo, mo gba igi náà lọ́wọ́ Tillmann, mo sá. Inú ilé iṣẹ́ Baba Àgbà ni mo wà láti ọjọ́ Ajé, ilé yín wà ní títì, mo gba fèrèsé wọ ilé iṣẹ́. Mo fi ọ̀bẹ rẹ̀ yọ igi fúláfúlá ara rẹ̀ kúrò kí n lè mọ ohun tó wà nínú. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń ràn. Ẹ wò ó. Ẹ wo ibí.

JOST.

Orúkọ mi ni! Orúkọ mi ni wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ sínú ọkàn ẹyẹ náà, pẹ̀lú ilà kan lábẹ́ rẹ̀! Mo ju igi náà sílẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ dúró síta nínú oòrùn, òtútù ń mú mi. Ẹ rò ó wò! Gbogbo abúlé dúró láti òwúrọ̀, wọ́n ń yìnbọn sí orúkọ mi! Tillmann yìn ín, Burkhard yìn ín, fáàdà pàápàá yin tirẹ̀, èmi náà dé, mo sanwó àlejò, mo fi yúrò mẹ́wàá lé e, mo yin ìbọn sí orúkọ ara mi! Ta ló ń ṣe irú èyí sí ọmọ ènìyàn? Ta lẹ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fọ́ yángá? Mo kọ́kọ́ ní Burkhard ni. Mo jókòó, mo ń ṣépè fún Burkhard, mo ní kí ṣòkòtò rẹ̀ má funfun mọ́ títí ayé. Lẹ́yìn náà ni mo wo lẹ́tà náà dáadáa. Ẹ wo J yẹn. Ẹ wo bí ìrù rẹ̀ ṣe ká. Ta ló ń gbẹ́ J bẹ́ẹ̀?

Baba Àgbà ni.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó nínú ilé iṣẹ́, kò sí atẹ́gùn, ó ń mì. Mo bá ń bi í, mo ń bi fìlà, Ìyá Àgbà, mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dùn yín tó? Ṣé nítorí omi bíìtì? Ṣé ẹ fi mí ré ni? Ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìgbà òtútù. Ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí ẹ mọ̀? Mo rí nọ́ńbà rẹ̀ tó ń tàn, mo ń wò ó lọ́wọ́ mi, mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́, mo ní màá pè é lọ́la. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Lẹ́yìn náà ẹ̀yin lẹ pè, ẹ ní ó ti kú. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí bí... bí àlejò. Gisela jàre. Gisela jàre, àlejò ni mo jẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, n kò bínú, ṣé ó kú pẹ̀lú ìbínú mi nínú? Ìyẹn nìkan ni mo wá bi yín. Ẹ sọ fún mi, màá fọwọ́ sí ìwé wọn, màá máa lọ.

Ìyá Àgbà?

Ẹ má sunkún o, ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀... Ẹ ń sunkún ni àbí ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín lẹ ń rín? Ẹ̀rín! Mo ní ọkùnrin tí a jọ fẹ́ràn fi mí gégùn-ún, ẹ ń rẹ́rìn-ín mì bí àpò ọ̀dùnkún! Kí ni? Kí n bojú wẹ̀yìn? Kí n wo kí ni? Ilẹ̀kùn? Mo ti wo ilẹ̀kùn, ṣebí mo ti ní kò dún mọ́...

Òpó rẹ̀.

Òpó ọwọ́ ọ̀tún. Igi tuntun ni. Wọn ò tíì kùn ún. Ti ọwọ́ òsì wà bó ṣe wà, óákù àtijọ́, ọ̀dà àwọ̀ ewé tí ẹ máa ń kùn sí i lọ́dọọdún. Ẹ fún mi ní igi yẹn. Ẹ wo etí rẹ̀ níbí, ẹ wò ó, ọ̀dà àwọ̀ ewé! Yéè! Ohùn yẹn! Kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Òpó yín ló ń ké! Òpó tí ilẹ̀kùn yìí ti ń fún mọ́lẹ̀ fún igba ọdún, kò yé ké nítorí pé wọ́n gbé e lọ sójú ọ̀run! Mo rántí. Ọlọ́run mi, mo rántí. Baba Àgbà ní kí n dúró síbẹ̀, kí n fi gìgísẹ̀ kan igi, ó ní, "Má gbé gìgísẹ̀ o, olè kékeré, mo mọ̀ pé ò ń gbé e," ó gbé ìwé àdúrà yín lé mi lórí, ó fi ọ̀bẹ fa ilà sí ibi tí orí mi dé, ó kọ orúkọ mi sókè rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ẹ ti kun ọ̀dà bò ó láti ìgbà náà, ó wáá bó ọ̀dà náà kúrò lójú orúkọ kó tó kì í bọ inú ẹyẹ. Gíga mi ni! Kì í ṣe ègún, gíga mi ni!

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi... Ó ní kí ni? Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ilà yíǹkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pa orúkọ ọmọ yẹn rẹ́ nínú ìwé. Ó dáa. Màá gbé e lọ síbi tí gbogbo wọn á ti gbójú sókè wò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ká wáá wo ẹni tó máa pa á rẹ́." Baba Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó máa ní kí wọ́n má bínú? Ẹ̀yin lẹ sì di igi náà mú nígbà tó ń fi ayùn gé e? Ẹ̀yin! Ó ń rẹ́rìn-ín? Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè wúkọ́? Ìyẹn ló fẹ́ sọ fún mi lórí fóònù. Kí n má pàdánù rẹ̀. Kí n wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Háà, Baba Àgbà. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sunkún díẹ̀. Ó ti tó. Ó ti tán.

Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá! Ìyá Àgbà! Gbogbo ayìnbọn Wennhagen, tòun ti fáàdà! Ẹ fi ọwọ́ kàn án, òjé mẹ́tàdínlógún ló há sí ara rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó kan lẹ́tà kan! Burkhard ṣí fìlà! Burkhard ṣí fìlà fún orúkọ mi, ó mú un dání níwájú ikùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí... Háà! Ha-ha! Ó ṣí fìlà fún orúkọ mi, kò mọ̀! Gisela ya àgbélébùú fún un! Ìkòkò bíìtì, o ò tó nǹkan kan, ẹni tó bí bàbá mi ni ọ̀gá mi!

Aago mélòó ló lù? Ẹ dìde. Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ wọ bàtà yín, ẹ wọ kóòtù dúdú yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún wọn bí ẹ ṣe di igi mú, n kò ní í gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín. N kò fẹ́ ẹ̀wọ̀n fàdákà tí ọba wọn ń fi sọ́rùn, kí wọ́n gbé e kọ́ Tillmann lọ́rùn. Orúkọ mi ni kí wọ́n kọ padà sínú ìwé, yíǹkì dúdú, lójú mi. Bí Gisela bá sì tún na ọwọ́ sí wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ní àlejò ń san mẹ́rìnlá, ẹ sọ fún un pé onílé ló ń bọ̀ yìí, kó wò ó dáadáa, òpó ilé rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́.